Àdírẹ́sì Kúkúrú àti Ẹni tí Ìwé Orúkọ Wà Lọ́wọ́ Rẹ̀

Kí ìwé kíkọ tó dé ilẹ̀ Yorùbá ni àwọn baba ńlá ti mọ bí a ṣe ń ké ọ̀rọ̀ gígùn kúrú. Ẹyọ owó mẹ́fà tí a so pọ̀ tó láti sọ fún ẹni tí a fi í ránṣẹ́ sí pé ọkàn ẹni fà sí i. Ẹni tí ó ru àrokò náà kò ní láti mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Àdírẹ́sì kúkúrú orí íntánẹ́ẹ̀tì jọ àrokò, ṣùgbọ́n ìtumọ̀ tirẹ̀ wà lọ́dọ̀ ẹnì kẹta.

Ní 2002 ni Kevin Gilbertson, ará Amẹ́ríkà, dá TinyURL sílẹ̀. Nígbà tí Twitter dé ní 2006, tí kò gbà ju lẹ́tà 140 lọ, iṣẹ́ náà di ọjà ńlá. Ìwé orúkọ lásán ni gbogbo rẹ̀: orúkọ kúkúrú ní apá kan, àdírẹ́sì gígùn ní apá kejì. Ẹni tí ìwé náà wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ó ni ọ̀nà.

Líbíyà ni ó ni ìparí orúkọ tí bit.ly ń lò. Ní 2010 wọ́n gba vb.ly lọ́wọ́ àwọn tí ó ni ín, wọ́n ní ohun tí ó wà níbẹ̀ lòdì sí òfin ìsìn Mùsùlùmí. Google dá goo.gl sílẹ̀ ní 2009. Láti oṣù kẹta 2019 kò gba tuntun mọ́, ní oṣù kẹjọ 2025 ó sì pa àwọn tí ènìyàn kò lò mọ́.

Ọ̀rọ̀ yìí kan Arepo gan-an, ìlú ẹ̀bá ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn, níbi tí àwọn akọ̀ròyìn ti kọ́ ilé pọ̀ sí àdúgbò kan. Bí òǹkọ̀wé kan níbẹ̀ bá tẹ àdírẹ́sì goo.gl sínú ìwé fún àwọn ọmọ kọ́lẹ́ẹ̀jì ní 2012, tí ìwé náà sì wà lórí pẹpẹ láìsí ẹni tí ó ṣí i fún ìgbà pípẹ́, ọ̀nà ti dí kí ẹni tí ó wá a tó dé. Ìwé tí a ti tẹ̀ kò ṣeé pè padà.

Láti 2009 ni YOURLS ti wà, ètò ọ̀fẹ́ tí ẹnikẹ́ni lè gbé sórí sáfà tirẹ̀. Orúkọ .ng náà ní ìtàn: ní 1995 ni a fi í sí abẹ́ àbójútó ẹnì kan ní Yaba College of Technology, ní 2005 ni a sì dá ẹgbẹ́ NiRA tí ó ń bójú tó o sílẹ̀. Kò pọn dandan kí sáfà wà nínú ilé ní Arepo. Pẹ̀lú iná mànàmáná tí ó ń lọ tí ó ń bọ̀, ó sàn kí a háyà rẹ̀. Orúkọ àti ẹ̀dà ìwé náà ni kí ó jẹ́ ti ẹni. Lọ́dọọdún ni a ń sanwó orúkọ. Bí olówó rẹ̀ bá gbàgbé, ẹlòmíràn lè rà á, kí ó sì darí gbogbo ọ̀nà inú ìwé àtijọ́ síbi tí ó bá wù ú.