Ọghẹnẹ: orúkọ Ọlọ́run, orúkọ oyè

Ní Ekpan, nílẹ̀ Uvwie lẹ́gbẹ̀ẹ́ Warri, Ọghẹnẹ ni àwọn Urhobo ń pe Ọlọ́run. Òun ló ṣáájú nínú orúkọ àbísọ bíi Oghenekaro, tó túmọ̀ sí pé Ọlọ́run ló ṣíwájú. Ọba ní tirẹ̀, Ovie ni wọ́n ń pè é.

Ní Ìbíní, ọ̀nà mìíràn ni ọ̀rọ̀ yìí gbà. Osanobua ni àwọn Ẹ̀dó ń pe Ẹlẹ́dàá; Ọghẹnẹ ni wọ́n fi ń pe Ọọ̀ni Ilé-Ifẹ̀. Nígbà tí João Afonso de Aveiro, arìnrìn-àjò Potogí, dé Ìbíní ní 1486, àwọn Potogí gbọ́ ìròyìn ọba ńlá kan tí wọ́n kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ ní Ogané. Wọ́n ní ẹ̀yìn aṣọ ìkélé ló máa ń wà, òun ló sì ń fi ọ̀pá àti àgbélébùú idẹ ránṣẹ́ sí ọba Ìbíní tuntun láti fọwọ́ sí oyè rẹ̀. Àwọn Potogí rò pé Prester John, ọba onígbàgbọ́ tí wọ́n ti ń wá kiri, ni. Ìlà-oòrùn ni wọ́n júwe ibùgbé rẹ̀ sí, Ifẹ̀ kò sì sí níbẹ̀; síbẹ̀, ọ̀pọ̀ òpìtàn gbà pé Ọọ̀ni ni.

Ọ̀rọ̀ ìjọba níhìn-ín lè jẹ́ ọ̀rọ̀ ìgbàgbọ́ lọ́hùn-ún. Akẹ́kọ̀ọ́ ìtàn tó bá pàdé Ọghẹnẹ nínú ìwé, kó kọ́kọ́ wádìí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ àti ìgbà tó sọ ọ́, kó tó túmọ̀ rẹ̀.