Ìwé Ìṣirò Oníṣòwò: Láti VisiCalc dé Ọjà Ìkòtún

Kí ó tó di ọdún 1979, ọ̀pọ̀ oníṣòwò tí ó bá fẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣírò ọjà wọn ní láti wá ẹni tí ó gbọ́ èdè ẹ̀rọ náà. Ní ọdún yẹn ni Dan Bricklin àti Bob Frankston gbé VisiCalc jáde ní Amẹ́ríkà. Oníṣòwò ń kọ iye owó sójú ìlà fúnra rẹ̀, ẹ̀rọ sì ń ṣírò rẹ̀.

Nígbà tí WhatsApp Business dé ní 2018, tí ó sì fi àtẹ ọjà kún un ní 2019, ó ṣeé ṣe fún ọlọ́jà Ìkòtún, ní Alímọ̀ṣọ́, láti pàtẹ lórí fóònù láìbẹ onímọ̀ ẹ̀rọ kankan. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹwàá, 2021, WhatsApp dáwọ́ iṣẹ́ dúró káàkiri àgbáyé fún nǹkan bí wákàtí 6. Òmìnira náà kò tíì pé: ẹni tí ó pàtẹ sí ìloro onílé, onílé ni ó ni kọ́kọ́rọ́. Nítorí náà, ìwé gbèsè alákọsílẹ̀ kò tíì di ohun àtijọ́.