Òfin Ọ̀rọ̀ Sísọ fún Olùkọ́ àti Akẹ́kọ̀ọ́ ní Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì: Láti Ayé Àrokò dé Ayé Ayélujára

1. Ìfáárà

Ẹyin lohùn, bí ó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ni ó ń fọ́. Òwe yìí ni àwọn àgbà fi ń kìlọ̀ fún ẹni tí ó fẹ́ sọ̀rọ̀ láwùjọ. Òwe náà kò sọ ẹni tí yóò dájọ́ nígbà tí ẹyin bá ti fọ́ tán. Ìbéèrè yìí ni àpilẹ̀kọ yìí gbé yẹ̀ wò nípa olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ agbègbè Ìjerò, Aràmọkọ àti Ẹ̀fọ̀n-Aláayè. Òfin tí ó ń ṣọ́ ẹnu wọn ti pọ̀ tipẹ́. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n ni òfin tí ó sọ ẹ̀ṣẹ̀ ní pàtó, tí ó sì gbọ́ tẹnu ẹni tí a fẹ̀sùn kàn kí ó tó fìyà jẹ ẹ́.

2. Láti àrokò dé ìwé

Ẹni tí a fi àrokò rán lè má mọ ìtumọ̀ rẹ̀. Ìtumọ̀ wà láàrin ẹni tí ó fi ránṣẹ́ àti ẹni tí a fi ránṣẹ́ sí. Ìwé yí èyí padà. Nígbà tí wọ́n ń wá òpin sí ogun Kírìjì ní 1886, Ajerò ti Ìjerò wà lára àwọn ọba tí ó fọwọ́ sí ìwé àdéhùn àlàáfíà. Ọ̀rọ̀ ọba wá di ohun tí àjèjì tí kò sí níbẹ̀ lè kà. Ìjọba amúnisìn mọ agbára yìí. Ní 1909, wọ́n ṣe òfin ní Gúúsù Nàìjíríà láti fìyà jẹ ẹni tí ó bá fi ọ̀rọ̀ ru ará ìlú sókè sí ìjọba. Òfin náà fẹjú tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi ṣòro láti mọ ibi tí àríwísí parí sí àti ibi tí ẹ̀ṣẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.

3. Ẹjọ́ Màìdúgùrì

Ní 1983, rògbòdìyàn ṣẹlẹ̀ ní Yunifásítì Màìdúgùrì. Igbákejì ọ̀gá àgbà tí wọ́n dáná sun ilé rẹ̀ ni ó ṣe alága ìgbìmọ̀ ìwádìí, lẹ́yìn èyí tí wọ́n lé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kan kúrò. Ní 1986, Ilé-ẹjọ́ Gíga Jù Lọ fagi lé ìdájọ́ náà: ilé-ẹjọ́ ni ó ń gbọ́ ẹ̀sùn ọ̀daràn, ẹni tí ọ̀ràn sì kàn kò gbọdọ̀ ṣe adájọ́ nínú rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ayélujára kọ́ ni ó fa ẹjọ́ náà, síbẹ̀ ìlànà rẹ̀ ṣì de gbogbo ọgbà ilé-ìwé títí di òní.

4. Òfin 2015 àti àtúnṣe rẹ̀

Abala 24 nínú òfin ìwà ọ̀daràn orí ayélujára ti 2015 fi ẹ̀wọ̀n ọdún 3, tàbí owó ìtanràn mílíọ̀nù 7 náírà, tàbí méjèèjì, lélẹ̀ fún ọ̀rọ̀ èké tí a fi ránṣẹ́ láti mú ẹlòmíràn bínú tàbí láti ni ín lára. Ní 2020, Ilé-ẹjọ́ ECOWAS pàṣẹ pé kí Nàìjíríà yí abala náà padà. Àtúnṣe dé ní 2024: ọ̀rọ̀ èké tí ó lè da ìlú rú tàbí tí ó fi ẹ̀mí ènìyàn sínú ewu ni òfin náà wá dojú kọ.

Kì í ṣe òfin yìí nìkan ni ó ń mú ènìyàn. Ní oṣù kọkànlá 2022, ọlọ́pàá mú akẹ́kọ̀ọ́ kan ní Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀, Dutse, nítorí ọ̀rọ̀ tí ó kọ sí Twitter nípa ìyàwó Ààrẹ ìgbà náà. Wọ́n gbé e dé ilé-ẹjọ́ ní Abuja kí wọ́n tó fa ẹ̀sùn náà padà ní oṣù kejìlá.

5. Ohun tí ó kan ìwọ̀-oòrùn Èkìtì

Nígbà tí àrùn Kòrónà ti ilé-ìwé ní 2020, ọ̀pọ̀ olùkọ́ ní Nàìjíríà gbé ẹ̀kọ́ lọ sórí WhatsApp. Ọ̀rọ̀ tí ó máa ń parí sí kíláàsì di ohun tí ẹnikẹ́ni lè fi ránṣẹ́ síwájú. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lè gbé olùkọ́ dé iwájú onídàájọ́ mẹ́ta: ẹni tí ó gbà á síṣẹ́, Àjọ Ìforúkọsílẹ̀ Olùkọ́, tí òfin 1993 fún ní agbára láti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé, àti ilé-ẹjọ́. Bí ó bá gbé àwòrán akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ń jìyà síta, òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 àti òfin ààbò ìsọfúnni ti 2023 wà níbẹ̀. Ní ti akẹ́kọ̀ọ́, Ilé-ẹjọ́ Gíga Àpapọ̀ ni ó ń gbọ́ ẹjọ́ ìwà ọ̀daràn orí ayélujára, Adó-Èkìtì sì ni ó ń jókòó sí ní ìpínlẹ̀ náà. Ọ̀rọ̀ tí ọmọ Ẹ̀fọ̀n kọ nínú yàrá lè gbé òun àti òbí rẹ̀ dé Adó.

6. Ìgúnlẹ̀

Ọ̀gá ilé-ìwé tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bú lórí WhatsApp, tí òun fúnra rẹ̀ sì jókòó láti lé wọn, ti bọ́ sí ipò alága ìgbìmọ̀ Màìdúgùrì. A gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Ìtàn yìí fi hàn pé nǹkan mẹ́ta ni ó ń sọ òfin ilé-ìwé di òfin tòótọ́: kí a kọ ẹ̀ṣẹ̀ sílẹ̀ ní pàtó kí ẹnikẹ́ni tó ṣẹ̀, kí ẹni tí a ṣẹ̀ má ṣe adájọ́, kí ìyà má sì tóbi ju ẹ̀ṣẹ̀ lọ. Níbi tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá sí, ìbínú àgbà ni a ń pè ní òfin.