Jẹ́lé-ó-sinmi: Ta Ló Ń Wo Ẹni Tí Ń Wo Ọmọ?

Orúkọ tí Yorùbá fún ilé ìwé àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ kì í ṣe orúkọ ẹ̀kọ́. Jẹ́lé-ó-sinmi ni wọ́n pè é: jẹ́ kí ilé ó sinmi. Kò sí ìwé nínú orúkọ náà, kò sí olùkọ́, kò sí ọmọ pàápàá. Ilé nìkan ló wà níbẹ̀, ìsinmi ilé ni wọ́n sì ń wá. Ìbéèrè tí a fẹ́ fi ìtàn dáhùn lónìí ni pé: nígbà tí ilé bá ń sinmi, ta ló ń wo ẹni tí ń wo ọmọ? Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó ní Èkó ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ, nítorí pé ìbéèrè náà kan àwọn òbí tó wà níbẹ̀ láràárọ̀.

Àwọn àgbà ní ẹnì kan ní í bí ọmọ, igba ojú ní í wò ó. Nínú agbo ilé àtijọ́, òwe yìí kì í ṣe àsọdùn. Ìyá àgbà wà nílé, àwọn ìyàwó ilé wà níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n tó ti tó ọmọ í pọ̀n náà wà níbẹ̀. Bí ẹnì kan bá ṣi ọwọ́ lu ọmọ, ẹlòmíràn á rí i, yóò sì sọ̀rọ̀. Àyẹ̀wò wà nígbà náà, kò kàn ní fọ́ọ̀mù ni.

Ohun méjì ló dín igba ojú yẹn kù láàárín ọdún díẹ̀. Èkíní ni ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́. Ní oṣù kìíní ọdún 1955, ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ọ̀fẹ́. Èkó tẹ̀lé e ní 1957. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ní bàbá àgbà tàbí ìyá àgbà tó jẹ àǹfààní rẹ̀, a kò sì lè bú u. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n tí ń pọn àbúrò ti gba ilé ìwé lọ, àbúrò tí kò tíì pé ọdún mẹ́fà sì kù sílé.

Èkejì ni ilé wíwó. Ní 1955 kan náà, LEDB, àjọ tí ń tún ìlú Èkó ṣe, dáwọ́ lé wíwó ilé ní àárín gbùngbùn Erékùṣù Èkó, wọ́n sì ń kó àwọn onílé àti ayálégbé lọ sí Sùúrùlérè. Òyìnbó kan tó ń jẹ́ Peter Marris wá fi ọ̀rọ̀ wá wọn lẹ́nu wò, ó sì tẹ ìwé rẹ̀, Family and Social Change in an African City, jáde ní 1961. Ohun tó rí ni pé ìṣípòpadà náà tú mọ̀lẹ́bí ká. Àwọn tó ti ń gbé nítòsí ara wọn wá di ẹni tí ń wọ ọkọ̀ kí wọ́n tó lè rí ara wọn, owó ọkọ̀ sì ń dá wọn dúró. Àwọn obìnrin tí ń ṣòwò pàdánù àwọn oníbàárà wọn. Ilé tuntun lè dára, ṣùgbọ́n ìyá àgbà kò sí nínú rẹ̀.

Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó kò jìnnà sí Sùúrùlérè yìí. Orúkọ rẹ̀ sọ ìtàn ara rẹ̀: àwọn Ìjẹ̀ṣà ló tẹ̀dó síbẹ̀. Ẹni tó bá kúrò nílé lọ tẹ̀dó síbòmíràn máa ń fi ìyá rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn. Ìyá tó wà ní Iléṣà kò lè gbọ́ igbe ọmọ ní Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó. Òfin iṣẹ́ orílẹ̀-èdè yìí sì fún obìnrin tó ń gba owó oṣù ní ọ̀sẹ̀ 12 péré: 6 kí ó tó bímọ, 6 lẹ́yìn tó bá bí i. Ti ìyá tó ń tajà kò tilẹ̀ sí nínú ìwé. Báyìí ni jẹ́lé-ó-sinmi ṣe kúrò ní ohun àfikún, tó di ohun tí ilé kò lè ṣe aláìní.

Nígbà náà, níbo ni ìjọba wà? Àbẹ̀wò ilé ìwé ní Èkó ti wà ṣáájú kí Nàìjíríà tó wà. Lábẹ́ òfin ẹ̀kọ́ 1882 àti ti 1887, èyí tí wọ́n ṣe fún Èkó nìkan, èsì ìdánwò àwọn ọmọ wà lára ohun tí ìjọba ń wò kí ó tó fún ilé ìwé ìjọ Ọlọ́run lówó ìrànwọ́. Ọmọ Èkó wa, Henry Carr, di igbákejì alábẹ̀wò ilé ìwé ní 1889. Nígbà tó di 1926, ilé ìwé kéékèèké ti ń hù kiri bí olú. Òfin tuntun ní kí olùkọ́ forúkọ sílẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má sì dá ilé ìwé sílẹ̀ láìgba àṣẹ. Ibẹ̀ ni ìbéèrè tí a ṣì ń bèèrè títí dòní ti fìdí múlẹ̀: ṣé ìjọba fọwọ́ sí i?

Àwọn òfin wọ̀nyí kò fi bẹ́ẹ̀ rí ọmọ tí kò tíì tó ilé ìwé í lọ. Ìlànà Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-Èdè ti 1977 dárúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn aládàáni ni ó gbé iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Ti ìjọba ni láti fi ìlànà lélẹ̀ kí ó sì máa bẹ̀ wọ́n wò. Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé jáde ní 2003, Èkó sì sọ ọ́ di tirẹ̀ ní 2007. Ó ní kí ìpínlẹ̀ ní ìwé tí a ó máa kọ orúkọ àwọn tí ń gba ọmọ tọ́jú lówó sí. Òfin ẹ̀kọ́ UBE ti 2004 náà ka ìtọ́jú ọmọ wẹ́wẹ́ mọ́ ẹ̀kọ́ ìpìlẹ̀. Ní Èkó lónìí, Office of Education Quality Assurance ni ó ń bẹ ilé ìwé wò.

Ẹ jẹ́ ká fi ìwé wé òwe. Òwe ka igba ojú sí ọmọ kan. Ìlànà Ẹ̀kọ́ Orílẹ̀-Èdè ka ọmọ 25 sí olùkọ́ kan ní jẹ́lé-ó-sinmi. A kò sọ pé kí a padà sí agbo ilé. Kò sí ọ̀nà ibẹ̀ mọ́. Ohun tí a ń sọ ni pé bí ojú bá ti kéré tó báyìí, ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa yẹ ojú náà wò, kí ó sì sọ ohun tó rí fún òbí.

Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti há. Nígbà tí wọ́n ka ilé ìwé aládàáni ní Èkó ní 2010 sí 2011, wọ́n lé ní 12,000, nǹkan bí mẹ́ta nínú mẹ́rin wọn ni kò sì ní ìfọwọ́sí. Bí “rárá” bá ti pọ̀ tó báyìí, kò kọ́ òbí ní nǹkan kan mọ́. Ibi tí ilẹ̀ mọ́, tí olùtọ́jú mẹ́ta ń ṣọ́ ọmọ mẹ́wàá, àti ibi tí wọ́n ti ọgbọ̀n ọmọ mọ́ yàrá kan tí kò ní fèrèsé, orúkọ kan náà ni wọ́n ń jẹ́: wọn kò ní ìfọwọ́sí. Bí ìjọba bá sì ti ilẹ̀kùn ọ̀kan pa, ọmọ kò pòórá. Ìyá rẹ̀ yóò wá ibòmíràn kí ọjà tó kún, ibòmíràn yẹn sì lè fara pamọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Èyí ló mú kí ètò DEEPEN, tí owó ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ró ní Èkó láti 2013 sí 2018, bá ìjọba ìpínlẹ̀ ṣe ohun tí wọ́n pè ní GAPS: dípò “bẹ́ẹ̀ ni” tàbí “rárá”, kí wọ́n to ilé ìwé aládàáni sí ìpele-ìpele, kí èyí tó wà nísàlẹ̀ lè mọ ohun tó kù fún un láti gòkè. Àwọn mìíràn ti gba ọ̀nà yìí. Ìpínlẹ̀ Oklahoma ní Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìràwọ̀ díwọ̀n ibi ìtọ́jú ọmọ ní 1998, owó ìrànwọ́ ìjọba sì ń pọ̀ sí i bí ìràwọ̀ ṣe ń pọ̀ sí i. Láti 2001 ni Ofsted ti ń bẹ irú ibẹ̀ wò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òbí Yorùbá tó wà ní Peckham sì lè ka àbájáde rẹ̀ kí ó tó gbé ọmọ lọ. Ìwé ìfọwọ́sí, bó bá tilẹ̀ wà, ni ti Ìjẹ̀ṣà-Tẹ̀dó máa rí lára ògiri. Kò rí máàkì.

Ọ̀rọ̀ èdè wà nínú máàkì náà, ó sì kan àwa tí a ń kẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá. Ìlànà 1977 ti sọ pé èdè abínibí tàbí èdè àdúgbò ni kí wọ́n fi kọ́ ọmọ ní jẹ́lé-ó-sinmi. Ìwádìí Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, tó bẹ̀rẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀ ní 1970, fi hàn pé àwọn ọmọ tí wọ́n fi Yorùbá kọ́ fún ọdún mẹ́fà ṣe dáadáa ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ, títí kan èdè Gẹ̀ẹ́sì. Síbẹ̀, ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, ìjọba àpapọ̀ fagi lé ìlànà èdè tó fọwọ́ sí ní 2022. Ohunkóhun tí ìjọba bá sọ, ọmọ oṣù mẹ́wàá nílò ẹni tí yóò máa bá a sọ̀rọ̀ látàárọ̀ dalẹ́. Olùtọ́jú tí wọ́n fòfin de Yorùbá lẹ́nu rẹ̀, tí Gẹ̀ẹ́sì kò sì yọ̀ mọ́ ọn lẹ́nu, yóò dákẹ́ ni. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ló yẹ kí alábẹ̀wò kọ sílẹ̀, kì í ṣe “a kì í sọ èdè ìbílẹ̀ níbí” tí wọ́n kọ sí ara ògiri.

Ohun tí ìtàn yìí ń béèrè kò pọ̀: ìwé kan lẹ́nu ọ̀nà jẹ́lé-ó-sinmi kọ̀ọ̀kan, ní Yorùbá tí ìyá alátà lè kà tàbí kí wọ́n kà fún un. Ọmọ mélòó ni ẹnì kan ń wò? Ọ̀nà mélòó ló wà láti sá jáde bí iná bá ṣẹ́? Ṣé wọ́n ń bá ọmọ sọ̀rọ̀? Ìgbà wo ni alábẹ̀wò wá gbẹ̀yìn, kí ló sì rí? Fọ́ọ̀mù àyẹ̀wò ti wà ní Gẹ̀ẹ́sì. Títúmọ̀ rẹ̀ sí Yorùbá tó já geere jẹ́ iṣẹ́ tí ẹ̀ka wa lè ṣe láàárín sáà kan, láìdúró de ẹnikẹ́ni. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde, tí ẹ ń ṣiṣẹ́ olùkọ́ tàbí tí ẹ wà ní ọ́fíìsì ètò ẹ̀kọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa mú ọ̀kan wá.