Idẹ, Iná àti Omi

Iṣẹ́ asúdẹ ni a fẹ́ yẹ̀ wò lónìí, etí ọ̀sà ni a ó sì ti bẹ̀rẹ̀. Ẹni tí ó bá dúró ní Ìpakodò, èbúté Ìkòròdú, ọ̀sà tí ó ń wò yìí náà ni idẹ òkèèrè gbà wọ ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Láàárín ọdún 1505 sí 1508, Duarte Pacheco Pereira, ará ilẹ̀ Pọtogí, kọ ọ́ sínú ìwé pé ẹ̀gbà ọwọ́ idẹ 12 sí 15 ni wọ́n fi ń ra ẹrú kan ní Ìjẹ̀bú.

Èyí kò wí pé Pọtogí ni ó kọ́ wa níṣẹ́. Àwọn orí idẹ àti bàbà tí wọ́n hú jáde ní agbo ilé Wúnmọníjẹ̀, ní Ifẹ̀, ní 1938, ti wà kí ọkọ̀ wọn tó gúnlẹ̀ sí etíkun wa. Ohun èlò ni wọ́n kó wá. Ìmọ̀ wà nílé.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Asúdẹ a kọ́kọ́ fi amọ̀ mọ inú ère, a fi ìda oyin bò ó, a sì fín ojú, imú àti ilà sára ìda náà. A wá fi amọ̀ kíkúnná bò ó ní ìpele-ìpele, a sì dá ihò sílẹ̀. Bí amọ̀ bá gbẹ, a fi iná yọ́ ìda dànù. Àyè tí ìda fi sílẹ̀ ni idẹ yíyọ́ ń gbà. Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe ẹdan Òṣùgbó.

Ẹ̀yin olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń fẹ́ dán an wò lẹ́yìnkùlé, ẹ fara balẹ̀. Idẹ kì í yọ́ títí iná yóò fi tó nǹkan bí 900°C. Bí omi díẹ̀ bá kù nínú amọ̀, yóò di oru lójijì. Oru náà a fẹ̀ ju omi lọ ní ìlọ́po 1,600, yóò sì ta idẹ gbígbóná sójú ẹni. Ìdí nìyí tí àwọn àgbà kì í fi í kánjú gbígbẹ amọ̀. Síńkì inú idẹ pẹ̀lú a máa di èéfín funfun. Ẹni tí ó bá fà á símú lè fi òru ọjọ́ náà gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Nítorí náà, ìta gbangba ni kí iná wà. Orí iyanrìn gbígbẹ ni kí ẹ ti dà á, kì í ṣe orí siménti, nítorí siménti a máa pa omi mọ́ra. Ẹ wọ bàtà awọ àti ìbọ̀wọ́ awọ, kí ẹ sì fi nǹkan bo ojú. Bí idẹ bá dànù, iyanrìn gbígbẹ ni kí ẹ bù sí i. Ẹ má ṣe da omi sí i.

Wọ́n ti fi ẹ̀mí ènìyàn san owó idẹ rí ní etí ọ̀sà yìí. Kò yẹ kí a tún un san.