Ọ̀tọmátíìkì

Bí “Automatic” bá wà lójú aago ọwọ́ àlòkù láti Switzerland, ohun tó ń sọ ni pé kò lo bátìrì. Irin pẹlẹbẹ kan ń yí nínú rẹ̀ bí ẹni tó wọ̀ ọ́ ṣe ń ju apá. Irin yìí ló ń ká sípíríǹgì tó ń mú aago ṣiṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ Rolex gbé irú aago yìí tirẹ̀ jáde ní 1931.

Ọ̀rọ̀ náà kò ní kí ẹ má tọ́jú aago náà o. Ẹ bọ́ ọ sílẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan, á dúró. Nítorí náà, èyí tó dúró lọ́wọ́ ọlọ́jà lè máà bàjẹ́ rárá: ẹ yí kókó ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ díẹ̀, kí ẹ gbé e sétí. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ béèrè gan-an ni ìgbà tí wọ́n tú u fọ̀ kẹ́yìn, tí wọ́n sì fún un lépo tuntun.