Benson Idonije àti Ipò Sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ nínú Ìtàn Orin Adúláwọ̀

Èkó àti Ìbàdàn ni ìlú méjì tí rédíò ti kọ́kọ́ fìdí múlẹ̀ ní ilẹ̀ Yorùbá. Ní Èkó ni ìjọba amúnisìn ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀dífúṣọ̀n ní 1935, ìyẹn àpótí ohùn tí wọ́n fi wáyà so mọ́ ibùdó kan, tó sì ń gbé ètò BBC wọ ilé àwọn tó ń sanwó rẹ̀; nígbà tó fi máa di 1957, iṣẹ́ náà ti bọ́ sọ́wọ́ Nigerian Broadcasting Corporation (NBC). Ní Ìbàdàn, ìjọba Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́, dá tẹlifíṣọ̀n WNTV àti rédíò WNBS sílẹ̀ láti 1959, nítorí pé ní 1953 Gómìnà Macpherson bẹnu àtẹ́ lù ú lórí rédíò ìjọba, wọn kò sì gbà kí ó fèsì níbẹ̀.

Ìjà òṣèlú nìyẹn, ṣùgbọ́n ìbéèrè kan náà wà lórí orin: ta ni yóò yan ohun tí ará ìlú yóò máa gbọ́? Fẹlá Ṣówándé, tó jẹ́ olórí ẹ̀ka orin ní NBC, ti lo ipò rẹ̀ láti gbé àṣà àti ìtàn àtẹnudẹ́nu Yorùbá sórí afẹ́fẹ́. Benson Idonije, tí wọ́n bí ní 1936, tó sì jẹ́ ọmọ Òtùò ní ìpínlẹ̀ Edo òde òní, gba ọ̀nà mìíràn. Òun ni olóòtú ètò NBC Jazz Club, níbi tó ti ń ṣàlàyé jáàsì, orin tí àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà dá sílẹ̀, nínú èyí tí olórin ti ń hun ohùn tuntun lójú ẹsẹ̀.

Nígbà tí olórin Fẹlá Ransome-Kútì parí ẹ̀kọ́ orin ní Lọ́ńdọ̀nù, tó padà dé ní 1963, tó sì ń kọ́ṣẹ́ ní NBC, ìfẹ́ jáàsì ló so òun àti Idonije pọ̀. Idonije di alámòójútó ẹgbẹ́ rẹ̀ àkọ́kọ́, tí Tony Allen onílù dara pọ̀ mọ́ ní 1964. Ṣùgbọ́n jáàsì kò pèrò; háíláìfù, orin ijó onífèrè àti gìtá tó ti etíkun Ghana wá, ni àwọn ará Èkó ń jó, ìdí nìyẹn tí Koola Lobitos, ẹgbẹ́ Fẹlá, fi da méjèèjì pọ̀. Lẹ́yìn ìrìn àjò Fẹlá sí Amẹ́ríkà ní 1969, àdàlù yìí di Afrobeat, tí orin kan ṣoṣo fi lè gba odindi ojú àwo, tó sì ṣòro fún ètò rédíò tí àkókò rẹ̀ kúrú.

Lónìí, àwọn ọ̀dọ́ mọ Idonije sí bàbá àgbà Burna Boy, olórin tó gba ẹ̀bùn Grammy ní 2021. Àmọ́ kí wọ́n tó bí ọmọ ọmọ náà rárá ni òun ti yan ipò rẹ̀ nínú ìtàn. Nítorí pé ohùn sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ a máa bá afẹ́fẹ́ lọ bí kò bá sí ẹni tó tọ́jú rẹ̀, àyọkà orin rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn The Guardian àti ìwé rẹ̀, Dis Fela Sef!, tó jáde ní 2016, jẹ́ ẹ̀rí pé kì í ṣe olórin nìkan ló dá orin Adúláwọ̀ òde òní sílẹ̀. Ẹni tó ń yan àwo, tó sì ń kọ́ etí aráyé ní bí a ti ń gbọ́ ọ, ní ìpín tirẹ̀ nínú rẹ̀.